Agbọ̀n Ìyá Èjìgbò

Ọdẹ́rìndé ará Òkè-Àpá kì í ṣe ọdẹ ẹran bí àwọn baba rẹ̀. Oyin ni ó ń dọdẹ. Ìkòkò amọ̀ ni ó máa ń dojú rẹ̀ dé sórí ẹ̀ka igi àpá, á ti fi ìda ra inú rẹ̀ kí òórùn ìda náà lè pe àwọn kòkòrò oyin wọlé. Bí ọyẹ́ bá fẹ́ dé, á gun igi lọ pẹ̀lú ìtùfù àti igbá, á fi èéfín lé wọn sẹ́yìn, á gé afárá, á sì fi èyí tí yóò tó wọn jẹ sílẹ̀ fún wọn. Ó máa ń sọ pé Ọlọ́run tó dá kòkòrò kékeré yẹn kò dá a láti máa ṣiṣẹ́ sin olè.

Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe ìyókù. Òun ni yóò fún afárá náà, tí yóò fi aṣọ funfun sẹ́ oyin rẹ̀, tí yóò rọ ọ́ sínú akèrègbè, tí yóò sì tà á. Kò sí ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ ní Òkè-Àpá nígbà náà tí kì í ṣe oyin Àrìnpé ni wọ́n fi kàn án lẹ́nu. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣèrìbọmi nígbà tí ìjọ dé ìlú náà, tí ilé Ọlọ́run ṣì jẹ́ ti koríko, tí agogo rẹ̀ sì jẹ́ irin kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka igi. Wọn kò lọ́rọ̀, ebi kò sì pa wọ́n. Ohun tí wọ́n bá bẹ Olúwa fún ní àárọ̀ ni wọ́n ń rí jẹ ní alẹ́.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀ka igi já mọ́ Ọdẹ́rìndé lẹ́sẹ̀. Ó ti gé afárá tán, ó ti fi okùn sọ igbá tó kẹ́yìn kalẹ̀, ó wá ku kí òun náà máa bọ̀ nílẹ̀. Wọ́n gbé e wálé pẹ̀lú itan tó yẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, oyin rẹ̀ kò sì dà, nítorí náà ìjọ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń to eegun wò ó, ó mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ igi gígun di ọdún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Oyin tó wà nínú ìṣà, ìkòkò ńlá kan nínú yàrá wọn, ni gbogbo ohun tí ilé náà yóò fi rí ọdún náà já.

Báyìí ni nǹkan ṣe wà tí Ìyá Èjìgbò fi dé. Alájàpá ni obìnrin yìí. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ni ó ń gba Òkè-Àpá kọjá pẹ̀lú àwọn alárù rẹ̀, tí ó ń ra ọjà òkè lọ sí etí òkun. Ó fi ìka kan oyin Àrìnpé lá. Lẹ́yìn náà ni ó wá ṣàlàyé pé àwọn tó ń rà lọ́wọ́ òun kò gba akèrègbè gbọ́ mọ́. Àwọn aláìbẹ̀rù Ọlọ́run ti fi omi ìrèké lú oyin fún wọn jù. Ohun tí ojú wọn kò bá rí, ọwọ́ wọn kò ní gbà á. Kí Àrìnpé wá ìgò tí oyin náà yóò gbé hàn. Ó ní kí alárù kan sọ agbọ̀n orí rẹ̀ kalẹ̀, agbọ̀n jíjìn kan tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ tẹ́ nínú, ó sì gbé e fún un.

Ó ní, “Àrìnpé, mò ń lọ sókè. Òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà tó ṣáájú Kérésì ni n óò yà gba agbọ̀n mi. Bí mo bá bá a ní kíkún, ìwọ ni oníbàárà mi títí ẹsẹ̀ mi kò fi ní lè rìn mọ́. Bí n kò bá bá a ní kíkún, alárù mi kò lè ru òfìfo dé etí òkun. Ìlú tó kàn ni n óò ti wá ẹni tí yóò kún un fún mi, mo sì bá ẹni náà lọ nìyẹn.”

Àrìnpé kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó mọ ohun tí ó gbọ́. Agbọ̀n tó kún ni oúnjẹ, agbọ̀n tí kò kún ni ebi. Kò sí ohun tó ṣòro nínú ìyẹn.

Ní ọjọ́ náà gan-an ni ó lọ sọ́dọ̀ Asímáwù onígò, tó máa ń fi ìgò ṣe pàṣípààrọ̀ fún òrí. Oríṣi ìgò mẹ́ta ló wà lórí ẹní Asímáwù. Àwọn kan ga, wọ́n ní igun, àwọ̀ wọn dà bí ewé, ọrùn wọn sì rí tóóró. Àwọn kan kéré, wọ́n pọ́n bí àgbo tó ti pẹ́. Àwọn kan kúrú, wọ́n mọ́ gaara, ẹnu wọn fẹ̀, wọ́n sì ní ọmọrí. Àrìnpé wò wọ́n yí ká, ó mú ọlọ́mọrí kan. Ó sọ fún Asímáwù pé ọyẹ́ ti dé, oyin yóò dì, oyin tó bá sì dì kì í gba ọ̀nà tóóró jáde. Ó gbé e relé, ó rọ oyin kún un, ó gbé e tọ ọkọ rẹ̀ lọ lórí ẹní. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé gba inú rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí oòrùn ń là lórí odò.

Ọdẹ́rìndé wò ó títí. Ó ní, “Èyí náà ni. Gbé e síbi orí mi níbí, kí o lọ kó ìyókù wá.”

Ká ní ó lọ kó ìyókù wá lọ́jọ́ yẹn ni, ìtàn yìí ì bá ti parí síbẹ̀, òwe kan ì bá sì dín nínú òwe wa.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà ní Òkè-Àpá. Bí obìnrin bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò tuntun, yóò gbé agbọ̀n òwò náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní òfìfo. Àgbà tó bá ń kọjá yóò yà, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò sọ ọ̀rọ̀ kan sínú rẹ̀, ìbáà ṣe ìmọ̀ràn, ìbáà ṣe ìkìlọ̀. Yóò wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu agbọ̀n náà díẹ̀, bí ẹni tó ń dé ọmọ adìẹ mọ́lẹ̀ kí ó má baà sá jáde. Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá ti sọ sínú agbọ̀n, a kì í dà á nù. Ẹni tó bá dà á nù ti da àgbà náà nù. N kò ní sọ pé àṣà burúkú ni. Àwọn ìyá ńlá wọn fi ṣòwò, wọ́n sì jèrè. Àmọ́ lọ́dún yẹn, gbogbo ìlú ló ń wá kí Ọdẹ́rìndé kú ìrora, gbogbo ẹni tó sì wá kí i ló ń bẹ̀rẹ̀ síbi agbọ̀n kí ó tó wọlé.

Bàbá Jagun tó jẹ́ olórí agboolé wọn ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n fi ìgò ọlọ́mọrí náà hàn án, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó ní ẹnu rẹ̀ ti fẹ̀ jù, ẹnu ọmọ alájẹkì ni. Ó ní ọwọ́ ọmọ yóò máa wọ inú rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, bẹ́ẹ̀ iyì oyin ni kí ó máa kán tó, tó.

Ó ní, “Ìyàwó, oyin kì í ṣe ọbẹ̀. Wá ìgò ọlọ́rùn gígùn.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú agbọ̀n, ó fi ọwọ́ bò ó.

Ṣé ẹ rí i, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá náà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni, Àrìnpé ì bá gbàgbé rẹ̀. Ó kó òrí, ó padà sọ́dọ̀ Asímáwù, ó kó àwọn ìgò gígùn aláwọ̀ ewé wálé, ó fi iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ìjọ yà láti gbàdúrà fún aláìsàn. Ó rí àwọn ìgò náà lórí ẹní, ó mú ọ̀kan, ó gbé e símú, ó dijú.

Ó ní, “Ọmọ mi, ìgò ọtí kọ́ nìyí?”

Àrìnpé dáhùn pé òun ti fọ̀ ọ́, pé kò rùn mọ́. Ìyá Ìjọ ní kì í ṣe imú ni òun ń sọ, ẹ̀rí ni. Bí wọ́n bá ń sọ ọmọ onígbàgbọ́ lórúkọ ní etí òkun, tí wọ́n gbé ìgò ọtí kalẹ̀ níwájú ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ta ni yóò máa tọ àlejò kọ̀ọ̀kan lọ láti wí fún un pé oyin ló wà nínú rẹ̀? Ó ní ìgò oògùn ló yẹ ẹ́, nítorí oyin pàápàá, oògùn ni Ẹlẹ́dàá ṣe é. Orúnkún ń dùn ún, síbẹ̀ ó rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ tirẹ̀ sínú agbọ̀n, ó tún ṣe àmín lé e.

Nígbà tí Asímáwù tún rí Àrìnpé lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi ọwọ́ lérán. Ó ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ìwọ lò ń yan ìgò ni, àbí ìgò ló ń yàn ọ́?”

Àrìnpé sọ òrí rẹ̀ kalẹ̀ fún un. Ó kó àwọn ìgò pupa kéékèèké wálé.

Láníhùn, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti oko dé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bá àwọn ìgò pupa náà níbi tí wọ́n tò sí. Ẹ̀rín pa á. Ó ní, “Ìyàwó wa, inú ta ló ń run?”

Orúkọ tí Àrìnpé fi ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ni ó fi dá a lóhùn. Ó ní, “Agùntáṣọọ́lò, jọ̀wọ́, má bá mi ṣeré lónìí.”

Láníhùn ní òun kò ṣeré. Ṣebí Ìyá Èjìgbò ní ojú gbọ́dọ̀ rí oyin náà? Ta ni ojú rẹ̀ yóò gba inú àgbo kọjá? Ó ní ẹni tó bá rà á yóò máa béèrè iye ṣíbí tí òun yóò lò láàárọ̀, yóò sì béèrè bóyá kí òun jẹun kí òun tó lò ó. Láníhùn kò tíì di àgbà tí í sọ̀rọ̀ sínú agbọ̀n, ṣùgbọ́n òun náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀rín sọ ọ́ síbẹ̀ pé, kí ojú rí i.

Láti ìgbà náà ni orí Àrìnpé ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí ó bá wo ìgò tó mọ́ gaara, ó ń rí ojú Bàbá Jagun nínú rẹ̀. Bí ó bá wo ìgò gígùn, ojú Ìyá Ìjọ ni ó ń rí. Bí ó bá wo èyí tó pọ́n, ẹ̀rín Láníhùn ń dún létí rẹ̀. Àwọn mìíràn sì ń wá. Ọ̀kan ní ewé ni kí ó fi di ẹnu ìgò, òmíràn ní ewé a máa jẹrà, ìda ni kí ó lò. Ẹnì kan ní kí ó fi afárá díẹ̀ sínú rẹ̀ kí wọ́n lè gbà pé ojúlówó ni. Ẹlòmíràn tó jókòó tì í ní bí wọ́n bá rí afárá, wọn yóò ní kò mọ oyin sẹ́. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ síbi agbọ̀n.

Ó wá gbàdúrà. Ó bẹ Olúwa pé ẹni tó bá kọ́kọ́ bá òun sọ̀rọ̀ ìgò lẹ́yìn àmín, òun yóò gbà pé àmì ni. Ó ṣe àmín, ó jáde, Bàbá Jagun sì ni ó pàdé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò tíì mú ìgò gígùn náà nílẹ̀ tí Ìyá Ìjọ fi yọ lójúde tí ó ń béèrè bóyá ó ti da ìgò ọtí nù. Àrìnpé ní bóyá Ìyá Ìjọ ló yẹ kí òun kọ́kọ́ rí, bóyá ọ̀nà ẹ̀yìn ló yẹ kí òun gbà jáde. Ó padà sínú yàrá, ó tún kúnlẹ̀, ó tún gbàdúrà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ń wò ó láti orí ẹní. Ó ní, “Àrìnpé, Ọlọ́run kì í dáhùn tán kí ó tún máa pààrọ̀ èsì Rẹ̀. O ti gba èsì tìrẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó wà níbi orí mi níbí.”

Àrìnpé dá ọkọ rẹ̀ lóhùn pé, “Bàbá Ìbíyẹmí, èmi nìkan ni mo yan ìyẹn. Mo kàn wò ó, mo sì mú un ni. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ sínú agbọ̀n.”

Ẹ̀rù ń bà á pé òun nìkan ló gbọ́n. Ẹ má dá a lẹ́bi. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé kí ó máa tẹ́tí sí àgbà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ni ohun tí à ń ṣe bí àgbà bá pọ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn kò sì bára mu. Èmi tí mò ń kọ ọ́ yìí, bí wọ́n bá bi mí pé ta ló jẹ̀bi nínú wọn, n kò mọ ẹni tí n óò na ìka sí.

Ọkọ rẹ̀ tún kìlọ̀ nǹkan kan fún un. Ó ní òdòdó ti gbẹ tán nínú ọ̀dàn, ebi sì ń pa àwọn kòkòrò tó ni oyin. Kí ó má jẹ́ kí ìṣà náà wà láìní ìdérí ní gbangba, nítorí bí ẹyọ kan bá gbọ́ òórùn rẹ̀, yóò lọ pe gbogbo ilé rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà ku ọ̀la, Àrìnpé rí ọ̀nà kan lójú ara rẹ̀. Yóò lo oríṣi ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yóò rọ díẹ̀ sínú ti Bàbá Jagun, díẹ̀ sínú ti Ìyá Ìjọ, díẹ̀ sínú ọlọ́mọrí tí yóò tún gbà lọ́dọ̀ Asímáwù nítorí ọ̀rọ̀ Láníhùn, ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni kò sì ní dànù. Ó ránṣẹ́ pè wọ́n kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí i. Oyin ti dì bí òrí nígbà náà, nítorí náà òun àti Láníhùn wọ́ ìṣà náà jáde sínú oòrùn àgbàlá kí ó lè rọ̀. Ó dé e mọ́lẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ó tó bí ẹni pé ó ti rọ̀, ó ṣí i, ó fi ahá bu oyin, ó yíjú sí àwọn ìgò.

Bàbá Jagun béèrè nǹkan kan nígbà náà. Ó ní ìgò wo ni yóò wà lókè agbọ̀n?

Ìyá Ìjọ ní kí ni ìyẹn jẹ́. Bàbá Jagun ní ohun tó bá wà lókè ni ojú olùrà ń kọ́kọ́ bà, òun kò sì rò pé ìgò oògùn ni yóò máa ṣojú agboolé òun. Ìyá Ìjọ ní tí ìgò ọtí bá wà lókè, kí wọ́n má dárúkọ ìjọ sí i. Láníhùn ní kí wọ́n dojú agbọ̀n náà délẹ̀, kí ìsàlẹ̀ di òkè. Bàbá Jagun ní kí ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ohùn ń ga. Àwọn aládùúgbò tó wá kí wọn dá sí i, àwọn kan gbè sẹ́yìn ìgò gígùn, àwọn kan gbè sẹ́yìn ìgò oògùn. Àrìnpé dúró láàárín wọn pẹ̀lú ahá lọ́wọ́, oyin ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀, ó ń wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó tún ń wo ẹnu ẹni tó ń dáhùn. Kò mọ inú èyí tí yóò rọ ọ́ sí.

Kòkòrò oyin kan bà lé etí ahá náà. Ó mu tirẹ̀, ó fò lọ. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Ọdẹ́rìndé gbọ́ ìró náà láti inú yàrá kí ẹnikẹ́ni tó rí nǹkan. Ó mọ ìró ọ̀hún bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ó pariwo pé, “Ẹ dé ìṣà! Àrìnpé, dé e!” Ṣùgbọ́n ariwo ìgò ti borí ohùn rẹ̀, kò sì lè dìde.

Wọ́n dé bí èéfín. Àgbàlá ṣókùnkùn. Bàbá Jagun tó ti rí ogun rí kò dúró de èyí, fìlà rẹ̀ nìkan ló kù nílẹ̀. Ìyá Ìjọ fa ẹní bo ara rẹ̀ lórí, ó ń képe Jésù lábẹ́ rẹ̀. Láníhùn fa Àrìnpé wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ ẹnì kan kọ lu ìṣà náà nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn. Títí dòní a kò mọ ẹsẹ̀ ta ni, olúkúlùkù ló sì ní kì í ṣe tòun. Ìṣà ṣubú, ó fọ́, oyin rẹ́ lọ sínú iyanrìn. Èyí tí ilẹ̀ kò mu, àwọn tó ni ín mu ún. Wọn kò lọ títí oòrùn fi wọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè lé wọn.

Ìyá Èjìgbò dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ó ti wí. Ojú Bàbá Jagun kan ti wú pa, ètè Ìyá Ìjọ ti yọ síta, wọ́n sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, nítorí pé ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó sílé. Agbọ̀n wà níbi tó wà láti ọjọ́ yìí. Ìyá Èjìgbò kí wọn, ó wo ojú wọn, kò béèrè. Ó di etí agbọ̀n mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù wúwo, ó gbé e. Agbọ̀n náà fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lójú.

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó tú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ náà wò dé ìsàlẹ̀.

Ó ní, “Kí ni ẹ ti ń kó sínú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti lọ?”

Àrìnpé wà lórí eékún. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ ni, Ìyá. Ọ̀rọ̀ Bàbá wa wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìjọ wà níbẹ̀. Ti gbogbo ẹni tó fẹ́ràn wa wà níbẹ̀. N kò da ọ̀kankan nù.”

Kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Èjìgbò tún wo inú agbọ̀n náà, ó wo àwọn àgbà tó jókòó, ó ní ọ̀rọ̀ náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kò rí ibi tó kún dé.

Ọdẹ́rìndé pè é wọlé. Ìgò ọlọ́mọrí kan náà ṣì wà níbi orí rẹ̀. Oyin inú rẹ̀ ti dì, ó funfun, ó mọ́. Ìyá Èjìgbò ṣí i, ó fi ìka bu ú láìsí ìnira, ó lá a, ó sì béèrè ẹni tó yan ìgò náà. Àrìnpé ní òun ni. Ó béèrè ẹni tó gbà á nímọ̀ràn. Àrìnpé ní kò sí.

Ìyá Èjìgbò fi ọ̀já wé ìgò náà, ó gbé e sí apá rẹ̀ bí ọmọ. Ó ní òun yóò fi hàn wọ́n ní etí òkun, òun yóò sì tún yà lẹ́ẹ̀kan sí i bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí. Ṣùgbọ́n agbọ̀n náà gun orí alárù lọ ní òfìfo, ìlú tó kàn ni wọ́n sì ti fi oyin ẹlòmíràn kún un. Ọdún yẹn le fún Àrìnpé. Iṣu tí àwọn ará ìjọ ń mú wá àti òrí tí ó ń pò ni wọ́n fi là á já.

Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn dé, Ọdẹ́rìndé ti ń gun àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Ìyá Èjìgbò yà, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjá lọ sókè. Kò tíì rìn jìnnà tí Àrìnpé fi gbé agbọ̀n náà kúrò níbẹ̀, ó gbé e wọ inú yàrá níbi tí àwọn ìgò ọlọ́mọrí wà, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ìyá Ìjọ dé, ó bá ìlẹ̀kùn ní títì, ó jókòó pẹ̀lẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ Ọdẹ́rìndé. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí opó ayé àwọn wòlíì, ẹni tí òróró rẹ̀ kún gbogbo ìkòkò tó yá lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó ní ìkòkò ni òun máa ń fi wàásù fún àwọn obìnrin. Òun kò fi bẹ́ẹ̀ ro ti ìlẹ̀kùn tí opó náà kọ́kọ́ tì.

Bàbá Jagun náà dé. Ojú rẹ̀ kan kò là tán mọ́ láti ọjọ́ tí kòkòrò oyin ti ta á. Ó dé ibi tí agbọ̀n máa ń wà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó ti la ẹnu kí ó tó rí i pé ilẹ̀ lásán ni òun fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Agbọ̀n dà?”

Ọdẹ́rìndé ní, “Ó wà nínú ilé, Bàbá. Ó ń kún lọ́wọ́.”

Bàbá náà tẹ́tí. Ó gbọ́ ìró ìgò tó ń kan ìgò lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìyára, láìdúró. Ó rọra nàró, ó fi ọwọ́ kan ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ mì. Ohun tí ó sọ dípò rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní olónìí pé: ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n.